Ike Etí Àgùntàn Lára Aṣọ Oníròyìn

Yàrá mi ló kọjú sí ti Àlàájà Bánkẹ́, alágbàfọ̀ àdúgbò Karantina ní Jeddah. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wá ṣe hajj tí kò padà sílé. Kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú ibẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó parí nìyẹn. Àmọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni kì í sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ láé. Ike yẹ́lò pélébé tó ní nọ́ńbà ló máa ń so mọ́ ọn. Lìádì ọkọ ẹ̀, tó ń fọ ọkọ̀ akẹ́rù ní àdúgbò Mahjar, ló ń gé e létí àgùntàn tó bá kú sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n bá kó wá láti etíkun. Ọṣẹ ò lè pa nọ́ńbà yẹn rẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Nada, oníròyìn ará Australia tó wá ṣe umra, gbé aṣọ fún un fọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó sáré wọlé, abáyà lọ́wọ́, ike ń mì lára ẹ̀. Ó fi Lárúbáwá bi í:

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ṣé ó ba aṣọ ẹ jẹ́ ni?"

Ó ní rárá, nọ́ńbà oko kan nílùú àwọn ni. Mínísítà wọn sì ti sọ fáyé gbọ́ pé gbogbo àgùntàn oko yẹn ló gúnlẹ̀ sí Jeddah láàyè.

Àlàájà da ike mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Oko kan náà! Nada ń ya fọ́tò wọn.

"Èmi ń jẹ́..."

Nada fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi!"

Inú bí Àlàájà, ó kọjú sí mi. "Ìyá Rana, ẹ gbọ́ o! Ó tú ilé mi tán, kò fẹ́ mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àbí mo di ajá ni?"

Lẹ́yìn oṣù méjì, fídíò láti ọ̀dọ̀ Nada dé sórí fóònù mi. Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹwàá ni mò ń túmọ̀ òyìnbó ẹ̀ fún Àlàájà. Nada dìde láàárín àwọn oníròyìn, ó ka nọ́ńbà náà sí mínísítà létí. Ojú ọkùnrin náà le. "Ta ló fún ẹ? Dárúkọ ẹ̀!"

Àlàájà di ọwọ́ mi mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ti ń wo ara ẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fi ń dá àwọn aláìníwèé padà.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀," ni Nada wí. "Ẹ̀yin ni mò ń bi: ṣé wọ́n kú àbí wọn ò kú?"

"Áà! Ìdí tó fi bò mí lẹ́nu nìyẹn!" Àlàájà kígbe.

Mínísítà wo ìwé ọwọ́ ẹ̀. Ó wá ní ohun tóun sọ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n kú.

"Mínísítà? Tó ní ọlọ́pàá? Ọmọbìnrin bi í léèrè, ó sì dáhùn?" Àlàájà bi mí.

"Ó dáhùn."

"Wọn ò mú ọmọ yẹn?"

"Ilé ẹ̀ ló wà tó fi fi fídíò ránṣẹ́."

Àlàájà rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tútù, ó fọwọ́ kan àyà ara ẹ̀. "Subhanallah. Wọn ò sì mú èmi náà."