Ọjọ́ Tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí Gbé Gbogbo Wa Mì

Ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi lé ara mi kúrò níṣẹ́ ò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé ni. Ọ́fíìsì kan ní Yaba ń dán mi wò, mò ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì tí kọ̀ǹpútà ń kà. Àǹtí Dúpẹ́, ọ̀gá wa, ní kí n lu orúkọ ogójì èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Àjàyí ló ṣíwájú, èmi ni mo kẹ́yìn. Ọ̀gá àgbà fẹ́ buwọ́ lu lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ fún wa kí wọ́n tó lọ wọ rélùwéè n'Ídòó. Ẹni tí ò bá ní lẹ́tà, ilé yá.

Àǹtí ní, "Ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti rí kọ́mà ló ti ń gé orúkọ. Àmọ́ 'Àjàyí, B.A.' ní kọ́mà nínú. Fi àmì àyọlò méjì há a sáàárín, kí B.A. má lọ gba lẹ́tà tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Mo lu àmì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ lọgbọ́n mi parí sí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló jáde. Àjàyí ló ni ín, orúkọ gbogbo wa sì tò sí i lẹ́yìn bí oyè. Mo gbé e, mo sáré tọ Àǹtí lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ńkọ́?"

"O wà nínú ikùn Àjàyí! Kọ̀ǹpútà ò rí àmì kejì, kò gé nǹkan kan mọ́. Olódo, lọ pa á dé!"

Mo tún káàdì Àjàyí lù, mo fi àmì kejì pa á dé. Lẹ́tà ogójì jáde, tèmi ló gbẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá ṣí ni mò ń pa dé. Lánàá, ìyá mi lé mi jáde ní kíṣìnnì: mo ti dé ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ ṣíbí wọn.