Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Sáfà

Òórùn wáyà tó jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó wọ géètì ọsibítù rárá. Iná ìjọba tí a ò rí láti ọjọ́ pípẹ́ ló dé lójijì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì dé bí ẹni tí inú ń bí. Gílóòbù fọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyálọ́mọ, fáànù yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ń rú èéfín. Nígbà tí mo fi máa ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n ń kó oògùn sí tẹ́lẹ̀, tí a wá sọ di yàrá sáfà, sáfà wa ti kú. Mo fọwọ́ kàn án lára, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ààrò.

Erúnmu ni ọsibítù náà wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí àwọn abà. Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ló dá a sílẹ̀, èmi sì ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ọmọ Ìrókò ni mí. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ mi yé nílé wa. Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí bóyá fóònù ni màá máa tà. Mo ní rárá, sáfà ni màá máa tọ́jú. Wọ́n ní kí ló ń jẹ. Mo ní iná ló ń jẹ. Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Èmi náà ò rí ara mi bí ẹni kékeré nígbà náà. Mo máa ń so káàdì ìdánimọ̀ mi mọ́rùn lọ ra ata ní Ṣáṣá, kí gbogbo ọjà lè mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń kọjá lọ. Kò sí aláta kan tó torí ẹ̀ fi ẹyọ ata kan ṣèènì fún mi.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù nínú ilé ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ àwòrán ẹ́síréè àwọn aláìsàn kò sí nínú rẹ̀. Inú àpótí irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, àpótí ìpamọ́, wáyà ló sì so òun àti sáfà pọ̀. Sáfà ló jóná. Àpótí ò jóná, nítorí bátìrì ló ń gbé tirẹ̀. Mo rí i tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín èéfín, ara mi sì balẹ̀. Mo rò pé ìṣòro ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, dókítà àgbà tó ni ọsibítù ra sáfà tuntun, ẹnjinnìá kan sì bá a wá láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó to sáfà tuntun kalẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ ńlá kan tó gùn bí oríkì, gbogbo nǹkan sì ń ṣiṣẹ́, àfi ẹyọ kan: sáfà tuntun ò rí àpótí. Ó yọ wáyà, ó tún un tì wọlé. Ó pa á, ó tún un tàn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó nu ojú, ó ní àpótí ti bàjẹ́ nínú. Ó ní kí á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, kí á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀dà ò sí níbòmíràn. Dísìkì tí à ń da ẹ̀dà sí ti kú ṣáájú, a ṣì ń retí òmíràn. Àwọn aláìsàn kún àgbàlá, akọ̀wé tó ń gba orúkọ ti ń fi ọwọ́ kọ nǹkan sórí bébà, ó sì ti rẹ dókítà àgbà. Wọ́n wo ẹnjinnìá, wọ́n wo àpótí, wọ́n ní, "Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ máa nù ún."

Mo jáde síta kí omi má bàa bọ́ lójú mi níwájú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, láti abà kan lẹ́yìn Erúnmu, oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ funfun Ọbàtálá wà lọ́wọ́ wọn. Ikọ́ ló gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá nígboro. Wọ́n ya àwòrán àyà wọn níbẹ̀, wọ́n sì rí òjìji kan lára ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní bí òjìji náà bá jẹ́ tuntun, àfi kí àwọn la àyà bàbá. Bó bá jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́ ni, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ èyí tó jẹ́ ni àwòrán tí a ti yà fún bàbá lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

Bàbá rí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní àwòrán mi wà lọ́wọ́ rẹ."

"Inú àpótí ló wà, Bàbá."

"Ta ló wá tì í mọ́bẹ̀?"

 Wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ilà sórí ilẹ̀, wọ́n ní, "Àyà tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi gun òkè, mo ti fi ru kòkó. Bí wọ́n bá máa là á, kí wọ́n là á nítorí pé ó ṣàìsàn. Kí wọ́n má là á nítorí pé ẹ ò rí kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. Mo padà sínú ilé. Ẹnjinnìá ti lọ wẹwọ́, dókítà àgbà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ mo ti jókòó ná.

Ẹnjinnìá dé, ó dúró. "Sisí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní dìde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ ò tíì mọ ohun tó ṣe àpótí yìí, ẹ ti fẹ́ pa á."

"Iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè mí nígboro. Wọn ò pè mí wá wá nǹkan àtijọ́."

"Èmi ni wọ́n gbà láti wá a."

Dókítà àgbà gbọ́ ohùn wa, wọ́n sì wá. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo ń dá ọsibítù wọn dúró. Mo kúnlẹ̀ fún wọn níbi tí mo wà, nítorí bàbá tó bí mi lọ́mọ ni wọ́n tó, àmọ́ mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá nu àpótí yìí, kì í ṣe àwòrán bàbá tó wà lábẹ́ máńgòrò nìkan ló máa lọ, ti gbogbo ẹni tó ti fi ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ni. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè títí wọn ó fi pe ìrun aláàsárì.  Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá pe ìrun tí kò tíì ṣí, ẹnjinnìá á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ náà á kó ẹrù rẹ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ba ọmọ tuntun lẹ́rù, ló tẹ̀ lé wọn wá. Ó bú mi dáadáa. Ó ní irú ọmọ wo lèyí, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìrókò nìyẹn? Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ gbé àga wá. "Bó o bá máa ṣagídí," ó ní, "má fi ìdí ṣe é lórí símẹ́ńtì tútù."

Mo gbé àga náà síwájú sáfà. Mo ṣí ojú dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí. Kò sí àwòrán mèremère níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni, bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó di ti ẹ. Mo kọ́kọ́ bi sáfà nípa adápítọ̀, ìyẹn apá tó yẹ kí sáfà fi máa bá àpótí sọ̀rọ̀. Ó dáhùn pé adápítọ̀ wà, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jí i láti ìgbà tí sáfà ti dé. Mo tẹ àṣẹ tó jí i, mo tẹ òmíràn pé nígbàkúùgbà tí sáfà bá tàn, kí òun náà máa jí. Inú mi dùn. Mo ti ń rí i tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti gbé mi ṣubú. Ó kù kí n fún adápítọ̀ ní àdírẹ́sì tó máa fi bá àpótí pàdé, àmọ́ ẹnu wáyà tó gbé gbogbo ọsibítù ni mo fún, dípò ẹnu wáyà ti àpótí. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà akápò dákẹ́. Ti ilé oògùn dákẹ́. Ariwo sọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé àgbàlá, ẹnjinnìá sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ," ó ní. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Àmọ́ ta ló fẹ́ kó ẹrù padà sí Ìrókò lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé iná ti jẹ mí lọ́wọ́? Mo tú àṣẹ náà ká, mo dá ti ọsibítù padà sí bó ṣe wà, mo wá fi àdírẹ́sì náà síbi tó tọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó tẹ lẹ́tà kan, mo kọ́kọ́ máa ń kà á sókè.

Mo kí àpótí, ó dáhùn. Ó wà láàyè, kò bàjẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo ní kó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn mí, kò fi nǹkan kan hàn. Mo tún béèrè, òfìfo. Oòrùn ti ń yẹ̀ lórí, mo sì ń gbọ́ tí àwọn kan ń bu omi àlùwàlá lẹ́yìn ilé. Ìgbà náà ló wá sí mi lọ́kàn. Àpótí yìí kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀. Orúkọ sáfà àtijọ́ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, sáfà tuntun sì ti wá pẹ̀lú orúkọ ńlá tí ẹnjinnìá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí à bá fi wọ inú àpótí kí á yí i padà ti bá ẹni tó ṣe é lọ sí òkè òkun. Àmọ́ mo mọ orúkọ sáfà àtijọ́ bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi, ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, inú orúkọ yẹn sì ni adápítọ̀ ti ń mú tirẹ̀. Mo tẹ àṣẹ tó yí orúkọ adápítọ̀ padà sí ti àtijọ́. Mo tún kí àpótí. Ìlà kan yọ sójú, òmíràn tẹ̀ lé e: ó ti so pọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo pariwo? Ẹnjinnìá kúrò lẹ́nu fèrèsé, ó sáré wá. Ní àkókò yẹn gan-an ni wíńdò kan là sójú kọ̀ǹpútà, ó ń bi mí bóyá kí òun tún dísìkì tuntun yìí ṣe fún lílò. Ayọ̀ ti bò mí lójú, ìka mi ti ń lọ síbi bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú.

"Má tẹ̀ ẹ́! Tó o bá fi lè tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́sàn-án ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe."

Àwa méjèèjì mí kanlẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun ló sọ àṣẹ tó tẹ̀ lé e fún mi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́: kí sáfà máa ka inú àpótí nìkan, kó má kọ nǹkan kan sí i. Àwọn fáìlì jáde, ọdún lórí ọdún. A ò tíì wá orúkọ bàbá nígbà tí wọ́n pe ìrun. Dókítà àgbà dúró lẹ́yìn wa, wọn ò sọ pé kí n kó ẹrù mọ́.

A gbé àwòrán àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tí bàbá mú wá láti ìgboro. Òjìji kan náà, ibì kan náà, kò fi irun kan tóbi sí i. Dókítà àgbà pe bàbá wọlé, wọ́n fi ìka hàn wọ́n. Bàbá wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ṣé àlejò yìí ti ń bá mi gbé láti ìgbà yẹn?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ jẹ́ ó máa gbé, kò tíì béèrè yàrá." Wọ́n gba oògùn ikọ́, wọ́n sì gba ilé lọ.

Ẹ má rò pé wọ́n fi mí jẹ oyè. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi ní kúẹ̀rì pé mo ṣàfojúdi sí ọ̀gá mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ tán. Mo kọ ọ́ sínú èsì mi pé lóòótọ́ ni mo jókòó dí ọ̀nà, àti pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún jókòó. Kò sẹ́ni tó fèsì sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí dísìkì ẹ̀dà tuntun fi dé.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Àwọn tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ti tú ká, òmíràn wà l'Ékòó, òmíràn ti rékọjá òkun, wọ́n sì máa ń fi ohùn àánú bi mí lórí fóònù pé kí ni mo ṣì ń ṣe lábà. Mo ń sọ fún wọn pé àwọn ará abà náà ní ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọbìnrin pé ọmọ tó bá lágídí ni ìyà ń jẹ. Mo ti jẹ díẹ̀ nínú ìyà náà: ojú tì mí, wọ́n bú mi, wọ́n fẹ́ lé mi. Mo ń wò ó lónìí, mo sì rí i pé kò korò tó bí wọ́n ṣe fi dẹ́rù bà wá. Bí wọ́n bá tún gbé àwo ìyà náà wá, kí wọ́n bu tèmi kún un.