Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Mú Bọ̀ Láti Erékùṣù

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àsíá Faransé sọ̀ kalẹ̀ ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní Lèma, láàárín àwọn òkè Dassa. Tíṣà ni mí nígbà náà, mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń bi mí bí wọ́n ṣe gbé ìbò wa lọ. Màá sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

Àńtóànì ni orúkọ rẹ̀, Bàbá ni mo ń pè é. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Faransé kó òun àti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mìíràn lọ sí Madagásíkà, erékùṣù ńlá tó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará ibẹ̀ dìde, wọ́n ń bèèrè ilẹ̀ wọn padà. Àwọn èèyàn wa ni Faransé fi ìbọn lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!

Bàbá padà wálé, ó ń gbin iṣu, ó ń lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bó bá sùn lọ́sàn-án lábẹ́ igi, á ta jí, á pariwo pé, “Afakú!” Òógùn á bò ó. Lọ́jọ́ kan mo ní kó sọ fún mi.

“Bàbá arúgbó kan ni. Mo na ìbọn sí i. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, ‘Afakú.’ Ọmọ mi, afakú! Ẹni tó ń fa ikú! Ta ló kọ́ arúgbó náà ní èdè wa?”

“Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?”

“Inú bí mi,” ó ní. “Mo yìnbọn fún un.”

Lọ́dún tí a dìbò, nígbà tí àwọn èrò wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà ní Dassa, masẹ́ẹ̀ kan wà láàárín wọn, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, ọmọ Madagásíkà. Èdè Faransé tí Bàbá kọ́ nídìí iṣẹ́ sọ́jà kò tó láti fi bá a sọ̀rọ̀, ó ní kí n bá òun bi í: ta ló kọ́ wọn ní afakú?

Masẹ́ẹ̀ ní kí ó tún un pè, ó sì rẹ́rìn-ín. “Havako,” ó ní. “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìbátan mi. Ta ló pè é bẹ́ẹ̀?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Yéè! Bàbá jókòó sórí àpáta.

Ọjọ́ ìdìbò dé. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tí Lèma fẹ́. Bí a ṣe fẹ́ ka ìbò nílé ìwé, ọkọ̀ ológun dé, wọ́n ní àwọn yóò gbé àpótí ìbò lọ kà ní Dassa. Àwa obìnrin jókòó yí i ká.

“Ojú wa ni ẹ ó ti kà á,” mo wí. “Àbí òǹkà ló ń bà yín lẹ́rù?”

Sọ́jà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin Nàgó láti Kétu, tó gbọ́ èdè wa, na ìbọn sí wa. Bàbá la àárín wa kọjá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ masẹ́ẹ̀ ló fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà pè é.

“Afakú,” ó ní. “Afakú!”

“Ta lò ń pè ní afakú, bàbá yìí?” Ọmọ náà fi ìdí ìbọn gbá a láyà. Mo kígbe ìtumọ̀ rẹ̀, ariwo obìnrin bo ohùn mi. Wọ́n gbé àpótí lọ. Bàbá kú kó tó jẹ iṣu tuntun ọdún náà.

Ohun tí a jèrè ni pé ní ìdìbò tó tẹ̀lé e, ojú wa ni wọ́n ti kà á. Ìbò ti tẹ́lẹ̀ kò padà, Bàbá náà kò padà. Ọdún kan náà ni àwa àti Madagásíkà gba òmìnira, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tíì lọ sọ fún àwọn ọmọ arúgbó yẹn ibi tí bàbá wọn ṣubú sí. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí irun mi ti funfun, ọkùnrin kan dá mi dúró lọ́jà Dassa. Sọ́jà tó na ìbọn sí wa lọ́jọ́ ìdìbò ni.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí bàbá yẹn fi pè mí ní afakú tó tún ń sunkún? Mò ń gbọ́ ọ lójú oorun.”

Mo sọ fún un pé “ìbátan mi” ni Bàbá fẹ́ pè é. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà, ó fọwọ́ bo orí. Inú mi kò tíì yọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í.