Géèmù Tó Gba Fóònù Mi
Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Banjul fi géèmù sórí fóònù mi. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ yìí ti ń tú àṣírí èmi àti ọkọ mi káàkiri ilé ẹ̀kọ́. Mo gbé fóònù náà lọ bá ọmọ ilẹ̀ wa tó ń tún fóònù ṣe ní Kanifing.

“Àǹtí, àléébù kan wà nínú fóònù yín. Ibẹ̀ ni géèmù yìí gbà di ọ̀gá lórí fóònù náà, tó ń fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó fi í síbẹ̀.”

“Má yọ ọ́.”

Mo kọ ọ́ sí ọkọ mi pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa máa fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ náà, olùkọ́ yìí dìde nínú ìpàdé, ó ń kí ọ̀gá pé ó dàbọ̀.

Ọ̀gá bínú. “Ta ló sọ fún ọ pé mò ń lọ? Mi ò lọ síbì kankan!”

Olùkọ́ náà yíjú wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Títí dòní, n kò kábàámọ̀.