Àga Tí Wọ́n Rán Lẹ́nu Pa

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi: ọkùnrin yẹn ń rí mi lára. Bí mo ṣe ń dárúkọ rẹ̀ yìí, itọ́ ti kún mi lẹ́nu. Kì í ṣe àbúrò bàbá mi, tó ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ni mò ń bú o. Alájọṣe rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé, ì báà jẹ́ ìròyìn ikú lèèyàn mú wá bá a. Ti àbúrò bàbá mi náà ń bọ̀ níwájú, ẹ fara balẹ̀.

Àbúrò bàbá mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Àga ló ń ṣe, àga onífóòmù tí wọ́n ń tò sí pálọ̀. Alábẹ́rẹ́ lorúkọ tí wọ́n fún un, nítorí abẹ́rẹ́ ńlá kan tó tẹ̀ kọrọdọ kì í kúrò láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Màmá, máa ń sọ pé òun kì í lè dì mọ́ ọkọ òun láìkọ́kọ́ yẹ àyà rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Tábìlì tá a fi ń gé aṣọ wà láàárín, maṣíìnì ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ègé fóòmù wẹ́wẹ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ni nírun títí dé ilé. Níwájú ni Ẹlẹ́rìn-ín ń jókòó sí pẹ̀lú fáànù àti tábìlì onígíláàsì rẹ̀. Òun ń tà, Alábẹ́rẹ́ ń ṣe, wọ́n jọ ń pín èrè.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà làwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò, Màmá ní kí wọ́n lọ bá lọ́yà kó bá wọn kọ àdéhùn sílẹ̀. Inú bí Alábẹ́rẹ́. Ó ní, "Àwa tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan ṣoṣo? Ẹni tí ìyá mi ń bu oúnjẹ fún kó tó bu tèmi? Ìwé wo la tún fẹ́ kọ?" Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun kan wà tí Alábẹ́rẹ́ ń ṣe tí mi ò rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ àga mìíràn. Gbogbo àga tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde ló ní ẹnu. Lábẹ́ àga, níbi tójú ẹnikẹ́ni kì í dé, á fi àyè kan sílẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀, á fi bọ́tìnnì dé e. Bí oníbàárà bá wá gbé àga rẹ̀, Alábẹ́rẹ́ ò ní jẹ́ kó gbé e kúrò nílẹ̀ àfi tó bá bẹ̀rẹ̀, tó ṣí ẹnu àga, tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Á ní, "Ìdí yín lẹ máa gbé sórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ wò ó." Mo ti rí ọkùnrin oníkóòtù tó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì wa, tí apá rẹ̀ wà nínú àga bíi ti ẹni tó ń gbẹ̀bí màlúù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ Alábẹ́rẹ́ lọ́wọ́, àdéhùn wọlé nìyẹn. Ọ̀gá wọn ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yẹn náà ló kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

Àfi bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe wọlé wá bá wa lọ́jọ́ kan tó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bọ́tìnnì ìdí àga yìí ń jẹ́ ká dà bí ará àtijọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa báyìí ò fẹ́ máa fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú àga. Rán ẹnu ẹ̀ pa." Alábẹ́rẹ́ fárígá. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó tún padà wá, ó tún rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í bá èèyàn jà, á kàn máa rẹ́rìn-ín síni lára títí ó fi máa rẹni. Nígbà tó yá, fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í dé tòun ti aṣọ funfun tí wọ́n ti rán yí i ká. Ẹlẹ́rìn-ín ní iléeṣẹ́ tuntun tóun ń bá rà á ló ń dì í bẹ́ẹ̀, kí ìdọ̀tí má bàa kàn án. Ẹ gbọ́ mi o, ìdọ̀tí. Ó wá gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Alábẹ́rẹ́ sì gbà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ rán ẹnu àga pa. Ó fi eyín gé òwú, kò wo apá ibi tí mo wà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn mọ́ ọn, Ẹlẹ́rìn-ín ní kí Alábẹ́rẹ́ fi fóòmù tuntun náà ṣe àga gígùn kan fún ìyá tó bí i, tó ń bá wa gbé, kí Ìyá àgbà lè máa rí nǹkan dùbúlẹ̀ lé ní pálọ̀, torí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo wa dúpẹ́, a tún fi àdúrà lé e.

Ìgbà òtútù nìyẹn. Nígbà tí ooru dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn kan níbi iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló ń rùn?"

Alábẹ́rẹ́ ní, "Gọ́ọ̀mù ni."

"Gọ́ọ̀mù kì í rùn báyìí."

"Mo ní gọ́ọ̀mù ni. Mú síṣọ́ọ̀sì yẹn wá."

Mo mú síṣọ́ọ̀sì wá.

Ẹni tó tú àṣírí ni tíṣà kan, abiyamọ, tó ra àga lọ́wọ́ wa kó lè máa rí ibi jókòó sí fún ọmọ lọ́yàn. Ó wá sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé àga náà ń rùn, pé ara ọmọ òun ti sú láti ẹ̀yìn dé ọrùn, pé òun sì rí ìdun tó ń rìn lórí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹlẹ́rìn-ín na ìka sí pátákó ara ògiri. Ó ní, "Màdáàmù, tíṣà ṣáà ni yín, ẹ ṣe bí ẹni tó mọ̀wé kà." Arábìnrin náà lọ ilé, ó fi ọ̀bẹ la àga, ó sì padà wá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan, ó tú u sórí tábìlì onígíláàsì.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ròyìn nǹkan yẹn tí ẹ ò fi ní bì. Fóòmù ògbólógbòó ni, àwọ̀ rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú, àmì ìtọ̀ yí i po léraléra, ọ̀kan gbẹ sórí èkejì. Ó ṣì ku awẹ́ aṣọ kan lára rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì sí, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn ti lò gbó, tí wọ́n kó dànù, ni ọkùnrin yìí ń ṣà nínú ààtàn, tó ń fi aṣọ funfun wé, tó ń tà fún abiyamọ. Mo sáré jáde, mo sì bì sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Nígbà tí mo padà wọlé, mo bi í pé ṣé ojú ò tì í ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fóòmù ni fóòmù. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó rajà. Yàrá kékeré kan ni, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, fáìlì kún orí fèrèsé. Obìnrin kan tó gbé gíláàsì ojú sórí irun ló ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín fi pátákó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ìyẹn wúlò fún ẹni tó ra àga tán tó ní àwọ̀ ẹ̀ ò wu òun mọ́. Ohun tó ti jẹrà nínú, tẹ́ni tó ń rà á ò lè rí, kò sí ìkìlọ̀ ara ògiri tó lè bò ó."

Ẹlẹ́rìn-ín yí ọ̀rọ̀ dà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun kì í rán àga, Alábẹ́rẹ́ ló ń rán an, òun kàn ń bá a tà á ni. Ó tún ní kò sí ìwé kankan tó sọ pé àwọn jọ ń ṣòwò. Mo wo ojú Alábẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Obìnrin náà ní, "Àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni. Ẹ jọ ń pín èrè, ẹ̀bi ẹ̀ kan yín pọ̀." Ó wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì, wọ́n á fi àga gidi rọ́pò ti tíṣà, ó parí síbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀, jìbìtì nìyẹn, ìjọba á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á sì ní kí wọ́n kó gbogbo àga tí wọ́n ti tà padà wá fún àyẹ̀wò. Ó ní kí wọ́n lọ ronú, kí wọ́n padà wá.

Kí wọ́n tó padà lọ, Ẹlẹ́rìn-ín wá sí ilé wa. Ó jókòó sórí àga oníke, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Òótọ́ ni pé pálọ̀ wa ń rùn nígbà yẹn. Ìyá àgbà ti dàgbà, wọn kì í lè dìde lórí àga wọn, èmi ni mo sì ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mò ń fi kànrìnkàn ha wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n á fi ní kí n rọra. Wọ́n á ní, "Kì í ṣe èmi." Èmi á ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá," màá sì yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ máa tọ́jú Ìyá dáadáa o. Ẹ máa wẹ̀ fún wọn." Ojú tì mí gidigidi.

Ìwé ló mú wá, àdéhùn tí Màmá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá iṣẹ́ àti maṣíìnì di ti Alábẹ́rẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ṣáà ti sọ pé o ò mọ̀. O ò kúkú rí i." Nígbà tó lọ tán, Màmá jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́. Ohun témi mọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ nìkan niṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀, ibẹ̀ nìkan la sì ti ń jẹun."

A padà dé ọ́fíìsì. Tíṣà gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, ara ọmọ náà ṣì ń yún un. Obìnrin onígíláàsì ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Alábẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò láyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Mi ò rí i. Wọ́n ti dì í kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín mí kanlẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀já mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ dákun, lójú ẹsẹ̀ yẹn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì lójú mi. Àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi, ó rí mi lára.

Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mo gbóòórùn ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ yìí bi mí, mo ní gọ́ọ̀mù ni." Èmi ló nawọ́ sí. "Wọ́n ní torí oníbàárà la ṣe ń rán ẹnu àga pa. Èmi rán an pa kí ọwọ́ ara mi má bàa wọ ibẹ̀ ni."

Ètè Ẹlẹ́rìn-ín pàdé. Mi ò rí irú ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìwé yẹn, Ẹlẹ́rìn-ín fà á ya lójú wa. Àwọn èèyàn ń fi ọmọlanke kó àga padà wá, wọ́n ń bú wa láti òkèèrè, Alábẹ́rẹ́ sì ń fi abẹ tú u ní ìkọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ni ín, ó ń tọrọ àforíjì. Kò fọwọ́ bo imú. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn lọ tán, a darí sílé, Màmá sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Alábẹ́rẹ́ wo àga ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ti Ìyá ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń bu oúnjẹ fún Ẹlẹ́rìn-ín."

Èmi àti Màmá gbé Ìyá àgbà sórí ẹní, a fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní kí là ń wá nínú àga àwọn. Alábẹ́rẹ́ na abẹ sí mi, mo bá gbà á, èmi ni mo tú ojú òwú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó dojú bolẹ̀ bí oníbàárà, ó ki apá bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì tètè yọ ọ́. Nígbà tó máa yọ ọ́, ìkúnwọ́ fóòmù rúsúrúsú kan ló tẹ̀ lé e jáde, òórùn pálọ̀ wa gan-an sì kún imú wa.

Ìyá àgbà wò ó láti orí ẹní, wọ́n wá kọjú sí mi.

Wọ́n ní, "Mo sọ fún ọ pé kì í ṣe èmi."