Àwọ̀ Inú Póò Bàbá Mi

Òórùn bisikíìtì láti ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọgbà ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òórùn náà wà, bí n kò bá ṣì í mú láti ọjọ́ mìíràn. Mo gbé póò bàbá mi, mo fẹ́ lọ dà á sí ṣáláńgá, mo sì rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo sì tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ikọ́ ife ń ṣe bàbá mi. Nọ́ọ̀sì kan ní Àgége, tí n kò rò pé ó tó ọjọ́ orí mi òní, fún wọn ní kápúsù pupa tí wọn yóò máa gbé mì láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, fún oṣù mẹ́fà. Láti ọjọ́ kìíní ni ìtọ̀ wọn ti pupa rúsúrúsú bí omi osùn. Ìyá mi ní àìsàn náà ló ń jáde. Bó bá jáde tán, ìtọ̀ yóò mọ́. N kò tíì gbọ́ àlàyé tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan èyí tí mo sanwó gbọ́ ní yunifásítì.

Nítorí náà, nígbà tí mo pe àwọn méjèèjì wá wo póò, ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́bàá ṣáláńgá, wọ́n dúpẹ́. Bàbá mi kò bá wọn dúpẹ́. Wọ́n ń fi èékánná ha ọrùn sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Nígbà tí oṣù pé, mo tẹ̀ lé wọn lọ gba kápúsù.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lò ó déédéé?"

"Mò ń lò ó."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ìwọ lò ń da póò wọn? Báwo ni ìtọ̀ wọn ṣe rí?"

"Ó ti mọ́ bí omi ẹ̀rọ, mà." Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì gbé báírò sílẹ̀. Ó ní kápúsù fúnra rẹ̀ ló ní àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e láti inú ikùn káàkiri, títí dé ẹ̀dọ̀fóró tí kòkòrò àìsàn sá sí. Ẹ̀dọ̀ a wá tì í sínú òróǹro, èyí tó pọ̀ jù a bá ìgbẹ́ lọ, díẹ̀ a bá ìtọ̀ lọ. "Kì í pẹ́ lára. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ kò gbé nǹkan kan mì. Bàbá, ta lẹ ń tàn?"

"Bí mo bá ti làágùn, ọrùn sùtánà mi a pọ́n," ni bàbá mi wí. "Alàgbà ni mí. Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń yọ."

"Ẹ jẹ́ kó yọ. Bí ẹ bá fi kápúsù sílẹ̀, sùtánà funfun yẹn náà ni wọn yóò fi sin yín."

Ó ní kí wọ́n máa gbé e mì lójú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé e mì, wọ́n la ẹnu kí n wò ó. Wọ́n wá kẹ̀yìn sí mi. Oṣù mélòó kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ara wọn sì yá.

Mo rántí pé wọ́n sunkún ní ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn, tí omijé wọn sì pọ́n. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti kà á lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé kápúsù náà a máa mú omijé pọ́n. Ó ṣeé ṣe kí n ti mú un níbẹ̀ lọ fi sójú bàbá mi. Mo bi wọ́n lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní àwọn kò sunkún rí. Sùtánà náà ṣì wà nínú àpótí wọn. Àwọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì wà ní etí ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí ènìyàn fi ń nu ojú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà náà sọ ohun tó rí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi mọ ìtumọ̀ àwọ̀ etí ọwọ́ yẹn, síbẹ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìlàágùn ni.