Owó Bàbà, Owó Bàbá

Ọjọ́ Sunday tí mo di owó àwọn ará Róòmù mú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Uncle Fẹ́mi, olùkọ́ wa ní Sunday school, ló mú un wá. Owó bàbà ni, kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n ní owó táwọn tálákà Róòmù fi ń ra búrẹ́dì láyé ìgbà Jésù ni. Wọ́n ní kí n fi han ìjọ, kí n sì fi Yorùbá ṣàlàyé. Atlanta níbí ni wọ́n bí mi sí, ohùn Yorùbá mi kì í dúró síbì kan.

Mo gbé e sókè, mo ní, "Owó bàbá nìyí."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Aunty kan ní, "Bàbá ta ni?" Omi lé ròrò sójú mi. Mo búra nínú mi pé n kò ní sọ Yorùbá mọ́.

Ni màmá màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, bá dìde. Wọ́n gba owó náà, wọ́n fọwọ́ pa orí ọba ara rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Ẹ ò rí i pé ọwọ́ èèyàn ló pa á rẹ́? Ọmọ yìí ò ṣì í sọ. Bàbá kan ló fi ra búrẹ́dì fún ọmọ ẹ̀."



Ìdí nìyí tí ọjọ́ náà kò fi kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí màmá dá owó náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbóná, àfi bí ẹni pé bàbá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, kí n sáré lọ ra búrẹ́dì wá.